Ilé Tí Ẹ Fẹ́ Rà: Ta Ló Ti Bá Yín Wo Inú Ògiri Rẹ̀?

Àwòrán méje ló wọlé sórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, nílé wọn ní Adjamé. Ilé oníyàrá mẹ́rin ni, ó wà ní Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán, géètì rẹ̀ tóbi, wọ́n sì ti lẹ táìsì sílẹ̀ pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó wà nílé ló fi àwọn àwòrán náà ránṣẹ́, ó sì fi ohùn rẹ̀ tì í lẹ́yìn pé: "Ẹ yára o. Ẹlòmíì ń bọ̀ wá sanwó lọ́jọ́ Ẹtì. Ilé yìí ò ní àléébù kankan."

Ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ fi tu owó yẹn jọ, látinú aṣọ tí ìyàwó ń tà àti iṣẹ́ mẹkáníìkì tí ọkọ ń ṣe. Oorun ò kùn wọ́n lóru ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí, ó ní: "Àbúrò, ìwọ náà ti rí i. Kí lo rò?" Mo fèsì pé: "Ẹ̀gbọ́n, ilé náà dára lójú. Àmọ́ ta ló ti bá yín wo inú ògiri rẹ̀?"

Ó dákẹ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ba ìdùnnú wọn jẹ́. Ohun tójú bàbá wa rí ló mú kí n béèrè.

Kí ló dé tá a fi ń wá ilé nílé?

Ẹni tó bá mọ ìtàn àwa Yorùbá tá à ń gbé ní Côte d'Ivoire, àwa táwọn èèyàn ibí ń pè ní Anango, kò ní béèrè ìdí tọ́rọ̀ ilé fi jẹ wá lógún. Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ ọmọ Èjìgbò àti àwọn ìlú tó wà nítòsí rẹ̀. Ìlú náà àti Abidjan sún mọ́ra débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì lọ́jà Èjìgbò, ọkọ̀ sì ń gba Ghana, Togo àti Benin kọjá lọ sílé, ó ń gbabẹ̀ padà.

Àwọn àgbà wa ò tíì gbàgbé ọdún 1969. Ní oṣù November ọdún yẹn, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá níwèé ìgbélùú kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀ kó ẹrù tí agbára wọn ká, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ níbí lọ́dún 2002, àti nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé ìdìbò ọdún 2010, àwọn ìdílé kan tún gba ọ̀nà ilé lọ. Ẹni tó nílé níbẹ̀ ríbi wọ̀ sí. Ẹni tí kò ní, ẹ̀yìnkùlé ẹbí ló ti bẹ̀rẹ̀ ayé lọ́tun.

Torí náà, ilé tá à ń rà nílé kì í ṣe ohun tá a kàn fi ń ṣe fáàrí. Ibi ìsádi ni. Ibi ìsádi kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tó máa wó lu èèyàn.

Ohun tójú bàbá wa rí

Abidjan ni bàbá wa wà nígbà tó ra ilé tiẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó fọkàn tán ló bá a rí i, ó sì fi owó ránṣẹ́. Lọ́dún 2003, nígbà tí nǹkan ò fara rọ níbí mọ́, ó kó wa lọ sínú ilé náà. Ọ̀dà rẹ̀ ṣì dára, páánù rẹ̀ ò sì tíì dípẹtà.

Ní ìgbà òjò kejì tá a lò níbẹ̀, a gbọ́ ariwo kan lóru. Ògiri yàrá ẹ̀yìn ló ya lulẹ̀ látòkè délẹ̀. Àbúrò wa ló máa ń sùn níbẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́, torí pé yàrá náà ti ń jò, ìyá wa sì ti ní kó wá máa sùn ní pálọ̀.

Nígbà tí bíríkílà dé, ó fi ọwọ́ lásán fa ògiri tó kù, ó sì ń já bọ́ bí àkàrà tó rin. Amọ̀ ni. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú, ni wọ́n wá fi ọ̀dà kùn ún. Owó tí bàbá wa fẹ́ fi ṣí ṣọ́ọ̀bù ló bá ògiri lọ. Títí tó fi kú, ó máa ń sọ pé: "Ojú ni mo fi ra ilé yẹn. Mi ò wádìí ẹ̀."

Ohun tí àwòrán kò lè fi hàn

Àwọn baba wa fi amọ̀ kọ́lé, ilé náà sì tọ́jọ́. Kì í ṣe amọ̀ ni ìṣòro náà. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé, tí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì líle bo amọ̀ lójú, omi tó bá wọ inú ògiri náà látilẹ̀ tàbí látorí òrùlé kì í tètè ráyè gbẹ. Amọ̀ á máa rọ̀ sínú, sìmẹ́ǹtì á ṣì dúró lóde bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ gbá ògiri náà pẹ́pẹ́. Tó bá ń dún bí ohun tó ṣófo, sìmẹ́ǹtì náà ti kúrò lára amọ̀ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha ibi tí wọn ò bá tíì rẹ́. Tó bá ń dà sílẹ̀ bí èlùbọ́, sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ ò tó.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ògiri tó lanu ló léwu. Èyí tó tín-ín-rín bí òwú, tí kò kọjá ojú rírẹ́, kì í sábà jẹ́ nǹkan bàbàrà. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni èyí tó dagun láti igun fèrèsé lọ sísàlẹ̀, èyí tí etí owó ẹyọ lè wọ̀, tàbí èyí tẹ́ ẹ bá rí ní inú àti ìta níbì kan náà. Ó lè jẹ́ pé apá kan ìpìlẹ̀ ilé náà ń rì. Tí ọ̀dà tuntun bá sì wà lára ògiri kan ṣoṣo nínú gbogbo ilé, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi bò.

Ẹ tún ronú nípa òrùlé. Ikán lè ti jẹ igi òrùlé tán kí sílìn tó bò ó ṣì máa dán. Ẹ ronú nípa omi náà: ibo ni àgbàrá ń gbà tí òjò bá rọ̀? Báwo ni ṣálángá tàbí sókàwéè ṣe jìnnà sí kànga tó? Àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń dámọ̀ràn nǹkan bíi mítà 30 láàárín wọn. Fóònù ò lè ya àwòrán ìyẹn.

Kí ni àyẹ̀wò náà ní nínú?

Bíríkílà tó já fáfá lè rí ọ̀pọ̀ nǹkan, àmọ́ ẹnjiníà tó kọ́ṣẹ́ nípa ilé ló yẹ kó ṣe àyẹ̀wò ilé tẹ́ ẹ fẹ́ fi owó ọ̀pọ̀ ọdún rà. Ní Nàìjíríà, àjọ COREN ló ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, torí náà, ẹ ní kó fún yín ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wádìí rẹ̀ wò. Ẹni tó ń ta ilé kọ́ ló gbọ́dọ̀ bá yín mú un wá, aláàárín náà kọ́. Ẹ̀yin lẹ máa wá a, ẹ̀yin lẹ sì máa sanwó rẹ̀, kó lè jẹ́ pé ẹ̀yin ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ kì í rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan kó wá ní ó dáa. Á ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó lè rí bí ìpìlẹ̀ ṣe jìn tó àti ohun tó jókòó lé. Ṣé ilẹ̀ tó le ni, àbí àbàtà tàbí ààtàn tí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ dà sí? Á gun òkè àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, á sì fi ọ̀bẹ gún igi òrùlé wò. Tí òpó kọnkéré bá wà, ó lè lo irin iṣẹ́ kan tó máa ń ta padà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ kọnkéré, bó ṣe ta padà tó ló ń jẹ́ kí wọ́n fojú díwọ̀n bí kọnkéré náà ṣe le tó. Tí kò bá dá a lójú bóyá ògiri kan ṣì ń là sí i, á fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ dí ibi tó là, á kọ déètì sí i lára, á sì padà wá wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí ìyẹn náà bá ti là, ilé ṣì ń rìn nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Kó kọ ohun tó rí síbẹ̀, kó fi fọ́tò tì í, kó sọ ohun tó yẹ kí wọ́n tún ṣe àti iye tó lè náni. Tó bá wù yín láti gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé náà lọ́jọ́ iwájú, ẹ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀, torí ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ lè má gbé àjà kejì. Tó bá ṣeé ṣe, kó lọ lẹ́yìn òjò ńlá. Òjò kì í bá onílé parọ́.

Àyẹ̀wò yìí ò rọ́pò ìwé ilẹ̀ o. Ilé tó le bí àpáta kì í ṣe tiyín tó bá jẹ́ pé ẹbí méjì ló ń bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀. Lọ́yà ló máa bá yín wo ìyẹn. Ẹ ní kí àwọn méjèèjì parí iṣẹ́ wọn kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ẹbí?

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti le jù. Ohun tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rù nìyẹn. Ó ní: "Tí mo bá ní kí ẹnjiníà lọ wo ilé tí ẹ̀gbọ́n mi ti wò, ṣé kì í ṣe pé mo pè é lólè?"

A jọ ro ọ̀rọ̀ náà, ó sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà wa. Ká ní kì í ṣe tiyín ni, a ò bá má mọ̀ pé ilé yìí wà. Ẹ̀yin lẹ mọ ìlú, ẹ mọ ẹni tó ń tà á. Ohun tó wà nínú ògiri ni a fẹ́ kí ẹnjiníà bá wa wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dúró tì í lọ́jọ́ tó bá wá, kí ohun tó bá sọ ṣojú yín."

Inú ẹ̀gbọ́n náà ò kọ́kọ́ dùn. Àmọ́ torí pé òun ni wọ́n ní kó ṣe alábòójútó, ó gbà. Aláàárín ló bínú. Ó ní ẹni tó fẹ́ sanwó lọ́jọ́ Ẹtì ò ní dúró. Ọjọ́ Ẹtì kọjá, kò sẹ́ni tó wá.

Tó bá jẹ́ Abidjan níbí lẹ ti fẹ́ rà

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń ra ilé ní Bingerville, ní Abobo tàbí láwọn abúlé Ebrié tí ìgboro ti gbé mì. Ẹ má rò pé ilé tuntun ò lè wó. Lọ́dún 2022, láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra, ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Treichville, òmíràn sì wó ní Angré ní Cocody, ẹ̀mí èèyàn sì bá a lọ. Ilé iṣẹ́ LBTP wà ní Abidjan tó máa ń yẹ ilẹ̀ àti kọnkéré wò, àwọn ẹnjiníà aládàáni sì wà.

Ẹ béèrè nípa omi pẹ̀lú. Lóru ọjọ́ 18 mọ́jú ọjọ́ 19 oṣù June ọdún 2018, òjò pa ó kéré tán èèyàn 18 ní Abidjan, Riviera Palmeraie tí ọ̀pọ̀ kà sí àdúgbò olówó sì wà lára ibi tí omi ti ya wọlé. Tó bá sì jẹ́ etí òkun ni, bíi Port-Bouët tàbí Grand-Bassam, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo irin inú òpó dáadáa. Atẹ́gùn oníyọ̀ máa ń mú kí irin dípẹtà, irin tó dípẹtà á wú, á sì fọ́ kọnkéré tó yí i ká.

Ibi tó parí sí

Ọjọ́ kan gbáko ni ẹnjiníà náà lò. Ìpìlẹ̀ ilé náà dára, ògiri iwájú sì le. Àmọ́ ikán ti jẹ igi òrùlé apá kan, ṣálángá wà nítòsí kànga gan-an, yàrá méjì tí wọ́n fi kún ilé lẹ́yìn sì jẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó wà nílé fúnra rẹ̀ ló pè, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Ó ní: "Àbúrò mi, èmi náà ò mọ̀. Mo dúró tì í, mo fi ọwọ́ mi kan án."

Ìwé tí ẹnjiníà kọ ni òun alára gbé lọ bá ẹni tó ń tà á. Wọ́n dúnàádúrà títí onílé fi yọ owó òrùlé àti yàrá ẹ̀yìn kúrò nínú iye tó kọ́kọ́ pè. Wọ́n wó yàrá méjèèjì, wọ́n sì fi bíríkì tún un kọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sùn síbẹ̀. Owó tí wọ́n san fún ẹnjiníà ò tó nǹkan kan lára ohun tí wọ́n rí yọ.

Nígbà ọdún Iléyá tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé fún ìgbà àkọ́kọ́. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ tí wọ́n dé. Ó pè mí láàárọ̀, ó ní: "Àbúrò mi, yàrá ẹ̀yìn làwọn ọmọ sùn. Kò sẹ́ni tó ta jí nínú wọn."