Àṣírí Ìdílé àti Ìrìnàjò Ìpadàbọ̀ nínú Fíìmù Incendies

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí fíìmù Incendies, tí Denis Villeneuve ará Kánádà darí ní ọdún 2010, ṣe tú àṣírí ìdílé kan. Inú eré orí ìtàgé Wajdi Mouawad, ẹni tí a bí ní Lẹ́bánónì, ni a ti fa fíìmù náà yọ. Kò dárúkọ orílẹ̀-èdè tí ogun ti jà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn ogun abẹ́lé Lẹ́bánónì (1975–1990) kò ní ṣì í mọ̀.

Nawal Marwan kú sí Kánádà. Ó fi sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n sin òun níhòòhò, kí wọ́n dojú òun dé ilẹ̀, kí wọ́n má sì kọ orúkọ sí ojú oórì òun títí àwọn ìbejì òun, Jeanne àti Simon, yóò fi fi lẹ́tà kan jíṣẹ́ fún bàbá wọn, òmíràn fún ẹ̀gbọ́n wọn. Bàbá náà, wọ́n rò pé ó ti kú. Ẹ̀gbọ́n náà, wọn kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Létí Yorùbá, irú ìsìnkú yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: abiyamọ tí a sin bí ẹni tí kò lẹ́nìkan.

Abúlé ìyá Jeanne ni a ti kọ́kọ́ rí i pé ilé tí ènìyàn ń padà sí lè kọ̀ ọ́. Bí ó ti dárúkọ ìyá rẹ̀ báyìí ni ojú àwọn obìnrin ibẹ̀ yí padà. Ìtìjú àtijọ́ kò tíì kúrò nílẹ̀. Nawal lóyún fún Wahab, ogúnléndé tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn arákùnrin Nawal sì pa ọkùnrin náà. Ìyá àgbà fi àmì tótó mẹ́ta sí gìgísẹ̀ ọmọ náà kí wọ́n tó gbé e lọ. Ìyá wá a títí, kò rí i. Ogun ti sọ ọmọ ilé aláìlóbìí náà di ayìnbọn, ó sì tún sọ ọ́ di adánilóró nínú ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi Nawal sí. Òun ni ó fipá bá ìyá rẹ̀ lòpọ̀, tí a fi bí ìbejì. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan ní Kánádà ni Nawal ti rí àmì mẹ́ta náà, kí ó tó rí ojú ẹni tí ó ni ín. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sọ̀rọ̀ mọ́.

Olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ni Jeanne. Simon bi í léèrè bóyá ení àti ení lè jẹ́ ení. Kò dáhùn, èémí rẹ̀ nìkan ni a gbọ́. Lẹ́tà méjì, ẹnìkan ṣoṣo ni ó gbà á: ọ̀kan bá adánilóró wí, èkejì sì fi ìfẹ́ ìyá ké sí ọmọ. Ní èrò tiwa, ibí yìí ni agbára fíìmù náà wà jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti ka The Gods Are Not to Blame (1971) ti Ola Rotimi yóò rántí Odewale. Níbẹ̀, Ifá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Nínú Incendies, babaláwo kankan kò sí, ọwọ́ ènìyàn ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Síbẹ̀ Odewale fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí a di ẹ̀bi náà ru òrìṣà, nítorí ìbínú lórí ẹ̀yà rẹ̀ ni ó mú un pa bàbá rẹ̀. Ìkórìíra ẹ̀yà àti ẹ̀sìn, ìyẹn ni okùn tí ó so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀.

Ó ku ìbéèrè kan tí ó yẹ kí a gbé fún kíláásì: ṣé ó tọ́ kí Nawal fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ọmọ lórí lẹ́yìn ikú? Fíìmù náà kò dá a lẹ́jọ́. Ní ìparí, wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí òkúta, ọkùnrin náà sì dúró níwájú oórì, kò sọ ohunkóhun.