Irin Tí Kì Í Dípẹtà: Bí A Ṣe Ń Yan Kẹ̀kẹ́ Tàìténíọ̀mù Àlòkù

Kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n fi tàìténíọ̀mù ṣe fún sísáré lójú títì jẹ́ ọjà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣòro láti fojú mọ̀, nítorí pé irin aláwọ̀ eérú yìí kì í dípẹtà, wọn kì í sì í sábà kùn ún lọ́dà tí ó lè ṣí, tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1995 fi lè máa dán bí èyí tí ó jáde lánàá. Ìdí nìyí tí àwọn olùkójọ, ìyẹn àwọn tí ń ra kẹ̀kẹ́ olówó ńlá pamọ́ nítorí ìfẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà lára wọn, fi fẹ́ràn rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ tà lára ohun tí wọ́n kó jọ, ẹlòmíràn lè rí ojúlówó rà ní iye tí ó kéré jọjọ sí ti tuntun. Ṣùgbọ́n àìdípẹtà yìí kan náà ni ó ń tan olùrà jẹ, nítorí kì í ṣe ara irin náà ni ọjọ́ ogbó ti ń hàn, bí kò ṣe ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ àti ibi tí irin mìíràn ti fara kàn án.

William Gregor ni ó kọ́kọ́ ṣàwárí tàìténíọ̀mù ní Cornwall, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1791, ṣùgbọ́n ó di nǹkan bí ọdún 1940, nígbà tí William Kroll gbé ọ̀nà tuntun jáde láti yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí ó lẹ̀ mọ́, kí ó tó di ohun tí ilé-iṣẹ́ lè ṣe lọ́pọ̀. Bí ègé rẹ̀ àti ègé irin sítíìlì bá tóbi bákan náà, ìwúwo rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ìwúwo sítíìlì, síbẹ̀ ó lágbára púpọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú fi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Lára páìpù tí wọ́n ń lò fún ọ̀pá epo háídírọ́líìkì inú ọkọ̀ òfuurufú ni páìpù kẹ̀kẹ́ ti wá: tàìténíọ̀mù tí wọ́n po àlùmíníọ̀mù ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún àti fànédíọ̀mù ìdá 2.5 mọ́, èyí tí àwọn ọlọ́jà máa ń kọ ní 3/2.5. Irú kejì, 6/4, tí àlùmíníọ̀mù inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 6 tí fànédíọ̀mù sì jẹ́ ìdá 4, le jù ú lọ, ó sì nira láti fà ní páìpù, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í lò ó ju ibi kéékèèké kan lọ.

Orúkọ ara kẹ̀kẹ́ náà ní ìtàn tí olùrà gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní àárín ọdún 1970 sí 1979 ni Teledyne ta kẹ̀kẹ́ Titan ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi tàìténíọ̀mù tí wọn kò po nǹkan kan mọ́ ṣe, ó sì máa ń rọ̀ jù, àwọn mìíràn sì sán, nítorí náà àwọn tí ń kó ohun àtijọ́ jọ ni ó yẹ fún ju ẹni tí ó fẹ́ gùn ún lójoojúmọ́ lọ. Ọdún 1986 ni Merlin bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, tí ìdílé Lynskey sì dá Litespeed sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Tennessee, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì sọ páìpù 3/2.5 di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Lẹ́yìn tí Merlin bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ó ni Litespeed, iṣẹ́ rẹ̀ kó lọ sí Tennessee. Ìdílé Lynskey ta Litespeed, wọ́n sì padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórúkọ ara wọn ní ọdún 2006. Ẹni kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Merlin, Rob Vandermark, sì dá Seven sílẹ̀ ní ọdún 1997. Nítorí náà orúkọ nìkan kò tó: ọdún tí wọ́n ṣe é àti ọwọ́ tí ó ṣe é ni ìbéèrè tó yẹ kí ó ṣíwájú iye owó.

Ìwọ̀n ara ẹni tí yóò gùn ún ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ, nítorí pé fíréèmù, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́ tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́, kò ṣeé fà gùn. Kì í ṣe nọ́ńbà 54 tàbí 56 tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni kí olùrà gbà gbọ́, torí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń wọn tirẹ̀, bí kò ṣe gígùn páìpù òkè láti iwájú dé ibi ọ̀pá ìjókòó, èyí tí yóò fi wé kẹ̀kẹ́ tí ó ti bá a lára mu.

Lẹ́yìn èyí ni kí ó mú iná tọ́ọ̀ṣì, kí ó sì yẹ ojú gbogbo ibi tí ajórin ti jó páìpù pọ̀ wò, pàápàá lẹ́yìn páìpù iwájú, ní etí páìpù ìjókòó, ní àyíká ihò tí ọ̀pá pẹ́dà ń gbà yí, àti ní ibi tí àwọn páìpù ẹ̀yìn ti pàdé. Bí tàìténíọ̀mù bá gbóná gan-an, ó máa ń fa atẹ́gùn ọ́síjìn mọ́ra, ó sì máa ń di ohun tí ń ṣẹ́, nítorí náà ajórin gbọ́dọ̀ fi gáàsì ágọ́nù bò ó níta àti nínú páìpù títí yóò fi tutù. Ojú ìjórin tí ó mọ́ bíi fàdákà tàbí tí ó pọ́n díẹ̀ bíi koríko gbígbẹ jẹ́ àmì iṣẹ́ rere, aró jẹ́ ìkìlọ̀, eérú tí ó dà bí ẹfun sì burú. Àmọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń fọ ìta rẹ̀ kí wọ́n tó tà á, tí àwọn mìíràn sì ń fi àwọ̀ ṣe é lẹ́wà, ó sàn kí olùrà yọ ọ̀pá ìjókòó kí ó sì wo inú páìpù. Ìlà tín-ín-rín tí èékánná kọ́ ni kí ó ṣọ́ra fún. Bí ó bá sì jẹ́ sísán ni, ajórin tí ó mọ tàìténíọ̀mù nìkan ni ó lè tún un ṣe, iye rẹ̀ kì í sì í kéré.

Yíyọ ọ̀pá ìjókòó yìí tún ń fi ohun mìíràn hàn. Nígbà tí àlùmíníọ̀mù bá fara kan tàìténíọ̀mù, tí òógùn tàbí omi òjò sì wọ àárín wọn, àlùmíníọ̀mù ni yóò jẹrà, àjẹrà rẹ̀ yóò sì wú, yóò dì mọ́ páìpù pinpin, pàápàá lára kẹ̀kẹ́ tí ó ti dúró sínú àkójọ fún ọdún pípẹ́ láìsí ẹni tí ó tú u. Nítorí náà bí ẹni tí ń tà kò bá lè mú ọ̀pá náà yí lójú olùrà, kí olùrà yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tí yóò san, tàbí kí ó fi í sílẹ̀.

Àwọn ìwọ̀n kan wà tí kò ṣeé yí padà. Àlàfo ẹ̀yìn tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń wọ̀ sábà máa ń jẹ́ mílímítà 126 lára àwọn àtijọ́, 130 lára àwọn tí búrẹ́èkì wọn ń di rímù mú, àti 142 lára ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń fi àwo búrẹ́èkì dúró. Tàìténíọ̀mù kì í gbà kí wọ́n fi agbára tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ sítíìlì, nítorí ó máa ń ta padà, ó sì lè sán. Fọ́ọ̀kì kábọ̀n, ìyẹn apá tí ó di ẹsẹ̀ iwájú mú, kì í ní ẹ̀mí gígùn bí fíréèmù náà, nítorí náà kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì yẹ ọ̀pá rẹ̀ wò. Táyà, ṣéènì àti wáyà búrẹ́èkì tí ó ti gbẹ jẹ́ ohun tí owó díẹ̀ lè tún ṣe.

Àwọn àgbà kì í yọwó ẹja nínú ibú, bẹ́ẹ̀ ni olùrà kò gbọ́dọ̀ dúnàá-dúrà kẹ̀kẹ́ tí kò tíì rí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, tí ó sábà máa ń wà lábẹ́ ihò ọ̀pá pẹ́dà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BikeRegister ni wọ́n fi ń wò bóyá wọ́n jí i, Bike Index sì wà ní Amẹ́ríkà; bí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà náà kúrò, kí ọjà náà dúró níbẹ̀. Kí olùrà sì béèrè ìwé tí wọ́n fi rà á, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣèlérí àtúnṣe fún gbogbo ọjọ́ ayé fíréèmù ni ó dè é mọ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ó rà á. Ẹni tí ó bá ta ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ máa ń mọ ìtàn kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń gùn déédéé sì sàn nígbà mìíràn ju èyí tí ó kàn gbé kọ́ sára ògiri, torí àwọn tí wọ́n ń gùn ni wọ́n ń tú, tí wọ́n ń fi gíríìsì sí, tí wọ́n sì ń rí àléébù rẹ̀ lásìkò. Bí fíréèmù náà bá mọ́ níbi ìjórin, tí ọ̀pá ìjókòó ń yí, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì bá ara mu, gbogbo ohun yòókù ni owó lè rà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí, ẹ̀dínwó kan kò lè sọ ọ́ di ọjà rere.