Ògiri Funfun, Ojú Dúdú: Iṣẹ́ Ayàwòrán Pásípọ́ọ̀tù ní Garki

Ní Garki l'Abuja, ìwé ìjọba kì í jìnnà síni. Ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣàkóso olú-ìlú wà ní Area 11, Sẹkitéríàtì àtijọ́ sì wà ní Area 1. Ibi tí fọ́ọ̀mù bá pọ̀ sí, wọ́n á máa wá fọ́tò pásípọ́ọ̀tù níbẹ̀. Ayàwòrán kan lè ní ṣọ́ọ̀bù, òmíràn á kàn ta aṣọ funfun mọ́ ògiri yàrá tó ń gbé, á gbé àpótí ìjókòó síwájú rẹ̀. Ìjọba kò yàn án, kò sì san owó oṣù fún un, ṣùgbọ́n bí fọ́tò tó yà bá burú, wọ́n á dá fọ́ọ̀mù oníbàárà padà.

Ní 1975, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, lọ wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún; ìwé àtìgbàdégbà African Arts gbé ohun tó rí jáde ní 1978. Fọ́tò iyì nígbà náà, odindi èèyàn ni: àgbà jókòó, aṣọ ńlá tẹ́ rẹrẹ, ọwọ́ wà lórí orúnkún. Pásípọ́ọ̀tù kò fẹ́ gbogbo ìyẹn. Orí àti èjìká ló ń wá, pẹ̀lú ẹ̀yìn tí kò ní nǹkan kan lára.

Kì í ṣe gbogbo ìlú ló sì ń béèrè funfun o. Amẹ́ríkà fẹ́ ínǹṣì 2 sí ínǹṣì 2, kí ẹ̀yìn funfun tàbí kó sún mọ́ funfun. Láti oṣù kọkànlá 2016 ni wọn kò ti gba awò ojú mọ́. Bìrìtéènì fẹ́ràn àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí kírímù fún èyí tí a tẹ̀ sórí pépà. Ayàwòrán tí kò bá kọ́kọ́ béèrè ibi tí oníbàárà ń lọ, ó fẹ́ jẹ owó lásán ni.

Funfun yìí gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Kámẹ́rà kò mọ funfun. Ohun tó bá rí, àwọ̀ eérú ló fẹ́ sọ ọ́ dà. Bí ògiri funfun bá kún inú fọ́tò, yóò gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù. Ògiri á wá rí bí eérú, ojú oníbàárà á dúdú bí èédú. Àwọn ayàwòrán kan á ní, "Àwọ̀ yín ló fà á." Irọ́ ni.

Ó pẹ́ tí irọ́ náà ti wà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iléeṣẹ́ fíìmù Kodak fi ń fi àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun kan, tí wọ́n ń pè ní Shirley, díwọ̀n àwọ̀ fún àwọn tó ń fọ fíìmù. Lorna Roth, olùkọ́ yunifásítì kan ní Kánádà, kọ ọ́ ní 2009 pé àwọn oníṣòwò ṣokoléètì àti àga onígi ló ráhùn nípa àwọ̀ ọjà wọn tí Kodak fi tún fíìmù náà ṣe. Ojú èèyàn dúdú kò tó ẹjọ́ lójú wọn! Ní 2020, BBC dán ẹ̀rọ tí Bìrìtéènì fi ń yẹ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù wò: ó ní ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún fọ́tò obìnrin dúdú ni kò dára, ti obìnrin aláwọ̀ funfun sì jẹ́ 14.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbówó lórí. Iná ògiri yàtọ̀, iná ojú yàtọ̀. Gílóòbù méjì tí àwọ̀ wọn bára mu máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí wọ́n kọjú sí ògiri, kámẹ́rà kò sì gbọ́dọ̀ rí wọn. Oníbàárà á jókòó ní bíi mítà kan ààbọ̀ sí ògiri, kí òjìji rẹ̀ má bàa hàn lára ògiri náà. Ìmọ́lẹ̀ kì í rìn jìnnà: bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù, ìdí nìyẹn tí iná ojú nìkan kì í fi í tó ògiri. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá mọ́lẹ̀ ju ojú lọ ní ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ yóò padà wọ lẹ́ǹsì, á jẹ etí irun.

Ti ojú ló gba ọgbọ́n jù. Dídán ara ni àwọ̀ dúdú fi ń hàn. Gílóòbù kékeré tí a kò fi nǹkan bò á fi àmì funfun kan sí iwájú orí, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ẹ fi agbòjò funfun tàbí kọ́tìnì tín-ínrín bò ó, kí ojú ìmọ́lẹ̀ náà lè fẹ̀. Dídán náà á tàn káàkiri, ihò imú àti ìlà àgbọ̀n á sì hàn. Pátákó funfun lápá kejì á dá díẹ̀ padà. Ẹni tó bá wá lọ́jọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú kàfútàní funfun, kó yá aṣọ aláwọ̀ mìíràn wọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọrùn rẹ̀ á máa léfòó.

Àwọn kan ń fi áàpù gé ẹ̀yìn kúrò. Ó yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń gé irun jẹ, Amẹ́ríkà kò sì gba fọ́tò tí a fi kọ̀ǹpútà tún ṣe.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá etí irun yín àti ìpéǹpéjú yín hàn. Bí ojú bá ṣókùnkùn, ẹ ní kí ayàwòrán tan iná ojú, kó tún un yà.