Ìrìn Dé Ibi Òṣòòrò Omi Lẹ́yìn Òjò Ńlá

Òṣòòrò omi méjì ló gbajúmọ̀ jù lórí òkè gígùn tó wà láàárín Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Arinta wà ní Ìpólé-Ìlórò, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, kò sì jìnnà sí Ìkògòsì olómi gbígbóná. Ọlúmirìn wà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríadé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n òkè tó bí i kọjú sí apá Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi méjèèjì a tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n a máa rọra yọ́ sọ̀kalẹ̀ lára àpáta. Tí òjò bá rọ̀ dáadáa, wọ́n a fẹ̀, wọ́n a funfun báláú, àlejò á sì ti máa gbọ́ híhó wọn kó tó fojú kàn wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó fẹ́ràn gígun òkè fi ń fẹ́ lọ lẹ́yìn òjò. Àmọ́ àkókò yẹn gan-an ni ọ̀nà ń yọ̀ jù, tí odò sì lè kún lójijì. Ẹni tó bá mọ ibi tí omi òjò ń gbà dé odò ló lè mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.

Kì í ṣe gbogbo òkè ló ń gba òjò bákan náà. Òkúta tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè ní quartzite ló pọ̀ jù lórí òkè gígùn yẹn, ìyẹn òkè Ẹ̀fọ̀n. Yanrìn àtijọ́ tí ìgbóná àti ìwúwo inú ilẹ̀ sọ di òkúta ni. Ó le púpọ̀, ṣùgbọ́n ó sán káàkiri. Omi òjò ń gba ojú sísán yẹn wọ inú òkè lọ, ó sì ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀ níbi tó rẹlẹ̀, bí omi ṣe ń yọ lára àmù. Èyí tó lọ jìnnà sísàlẹ̀, tó dé ibi tí inú ilẹ̀ ti gbóná, ló ń padà yọ ní Ìkògòsì pẹ̀lú ìgbóná tó sún mọ́ ti ara ènìyàn, tó sì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tútù. Èyí tí kò lọ jìnnà ló ń bọ́ Arinta àti Ọlúmirìn. Igbó tó bo òkè náà ń ràn án lọ́wọ́: ewé ń gba òjò dúró, ilẹ̀ abẹ́ igi sì ń mu ún. Nítorí náà ni omi ibẹ̀ fi ń ṣàn títí wọnú ẹ̀ẹ̀rùn, ní oṣù tí ọ̀pọ̀ odò kéékèèké mìíràn ti di yanrìn.

Ní apá gúúsù Èkìtì, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ọlọ́sunta àti Òróole tó yọrí lókè ìlú Ìkéré jẹ́ àpáta gàǹgà tí apá tó pọ̀ lára wọn wà ní ìhòhò, láìsí ilẹ̀ tàbí igbó tí yóò mu omi. Àwọn ará ìlú ń bọ Ọlọ́sunta, wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀ títí di òní. Lára irú àpáta bẹ́ẹ̀, òjò kò ríbi wọ̀. Bó ṣe ń rọ̀ ló ń ṣàn, ìlà omi funfun á máa já lára àpáta níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní pẹ́ lẹ́yìn tí òjò bá dá tí gbogbo rẹ̀ á pòórá. Ohun tó máa ń kù ni àwọn ìlà dúdú gígùn tí ojú ń rí lára àpáta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ojú ọ̀nà omi òjò ni wọ́n. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń gbé níbi tí omi ti ń kọjá, ló sọ ọ́ di dúdú. Ẹni tó bá fẹ́ gun irú àpáta bẹ́ẹ̀ lè fi ìlà dúdú wọ̀nyẹn mọ ibi tí kò yẹ kó gbẹ́sẹ̀ lé tí òjò bá ṣú.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Òjò mílímítà 1 lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Tí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ lórí àpáta tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 10, omi tó máa wá ibi gbà sọ̀kalẹ̀ tó lítà 5,000,000. Òjò mílímítà 50 kì í ṣe ohun àrà ní Èkìtì. Òjò ọ̀sán kan lásìkò òjò lè tó bẹ́ẹ̀.

Bí àpáta Ìkéré ṣe ń ṣe yìí náà ni ọ̀pọ̀ òṣòòrò omi inú aṣálẹ̀ ṣe ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé aṣálẹ̀ kò ní òṣòòrò omi rárá, àmọ́ ó ní. Ní àríwá orílẹ̀-èdè Niger, láàárín àwọn òkè Aïr tó wà lápá àríwá ìlú Agadez, ìlú àwọn Tuareg kan wà tó ń jẹ́ Timia. Nítòsí ibẹ̀, omi kan ń já láti orí àpáta dúdú sínú adágún kékeré tí òkúta yí ká, òjò oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ló sì ń fún un lágbára. Òjò tó ń rọ̀ ní Agadez láàárín ọdún kan kò tó mílímítà 200, nígbà tí ti Adó-Èkìtì ń lé ní 1,200. Síbẹ̀ òjò kan ṣoṣo lè sọ ojú odò tó ti gbẹ láti ọ̀pọ̀ oṣù di alagbalúgbú omi lórí òkè yẹn, torí kò sí ohun tó máa dá a dúró. Ìkún náà kì í pẹ́ lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ ń rì sábẹ́ yanrìn, ibẹ̀ sì ni àwọn ará Timia ń gbẹ́ kànga sí láti fi bomi rin ọgbà ọsàn àti dàbínù wọn. Ẹni tó ń rìn lọ wo omi aṣálẹ̀ kò lè sọ pé kí òun dúró di ọ̀la kó tó lọ. Omi lè má sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń lọ sí Arinta lè dúró, àǹfààní ńlá sì nìyẹn.

Àǹfààní ni, torí pé òjò tó ń rọ̀ léni lórí kọ́ ló sábà ń pa ènìyàn níbi omi, bí kò ṣe èyí tó rọ̀ níbi tí ojú kò tó. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, àwọn àlejò kan wà nínú ọ̀nà tóóró tí omi gbẹ́ sáàárín àpáta ní Antelope Canyon, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà. Òjò tó kàn wọ́n níbẹ̀ kò tó nǹkan, àmọ́ èyí tó lágbára ti rọ̀ lókè odò, ní ọ̀pọ̀ máìlì sí wọn. Omi yẹn ya dé lójijì, ènìyàn 11 ló sì bá a lọ. Ní Aïn Séfra, létí aṣálẹ̀ Algeria, òǹkọ̀wé Isabelle Eberhardt kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1904 nígbà tí ìkún omi wó ilé mọ́ ọn. Ẹni ọdún 27 ni. Yorùbá kò nílò kí wọ́n ti aṣálẹ̀ mú àpẹẹrẹ wá fún wọn. Àwọn tó wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 mọ ohun tí odò Ògùnpa ṣe nígbà tó kún ya wọ ìlú. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé àgbàrá òjò ò lóun ò nílé é wó, onílé ni ò níí gbà fún un. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú odò kò tilẹ̀ ní ilé tí yóò fi kọ̀ fún un.

Fún ẹni tó ń ti Ilasa-Èkìtì lọ sí Arinta, ohun kan tún wà tó yẹ kó mọ̀. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Èkìtì ni Ilasa wà, nítòsí Òmùò. Arinta sì wà ní ìkángun kejì ìpínlẹ̀ náà. Òjò tó ń bá ìjì àti àrá rìn, èyí tó ń ṣú kíákíá tó sì ń ṣí òrùlé, sábà máa ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ilasa ló máa kọ́kọ́ kàn, kó tó kan Adó, kó tó kan Ẹ̀fọ̀n. Tó bá ń rin nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan, wákàtí méjì tó fún un láti la Èkìtì já. Ẹni tó bá dúró kí òjò dá ní Ilasa kó tó wọkọ̀, tó sì rò pé òjò ti tán, òun àti òjò náà ló jọ ń lọ síbì kan náà. Ó sì lè jẹ́ pé òjò ló máa ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Òkè Ẹ̀fọ̀n fúnra rẹ̀ tún ń ti afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin lọ sókè, ìyẹn sì ń mú kí òjò ibẹ̀ pọ̀ sí i. Ó dára kéèyàn gbọ́ ohun tí àjọ NiMet sọ nípa ojú ọjọ́, ṣùgbọ́n kí ó tún tẹ ẹnì kan láago ní Ìpólé-Ìlórò tàbí Ẹ̀rìn kó tó gbéra.

Oṣù téèyàn lọ ṣe pàtàkì ju bí òjò ti pọ̀ tó lọ. Nígbà òjò àkọ́rọ̀, ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, òùngbẹ ṣì ń gbẹ ilẹ̀. Òjò tó lágbára gan-an lè rọ̀ kí odò má fi bẹ́ẹ̀ kún. Ní oṣù Kẹfà àti Keje, ilẹ̀ ti ń rin. Òjò máa ń dẹwọ́ díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀ ti mu yó, tí ojú sísán àpáta ti kún, tí òjò ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo sì lè dé ojú odò lójú ẹsẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ni omi Arinta àti Ọlúmirìn rẹwà jù, òun náà ló léwu jù. Lẹ́yìn òjò ńlá nínú oṣù Kẹfà, dídúró fún ọjọ́ kan tó. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ méjì ló dára.

Láti Adó, Arámọkọ ni ọkọ̀ ń gbà lọ sí ibi méjèèjì. Ẹni tó ń lọ sí Arinta á yà gba Ẹrijiyàn àti Ìkògòsì dé Ìpólé-Ìlórò. Ẹni tó ń lọ sí Ọlúmirìn á gba Ìtáwùré kọjá sí ọ̀nà Iléṣà, kó tó yà sí Ẹ̀rìn. Ilẹ̀ kòkó ni gbogbo agbègbè yìí, ewé kòkó sì ni ìṣòro àkọ́kọ́ fún ẹlẹ́sẹ̀. Tó bá rẹ, á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, á bo gbòǹgbò àti òkúta mọ́lẹ̀, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á yọ̀ láìmọ ohun tó yọ òun. Tí ẹlẹ́sẹ̀ bá dé etí omi, àwọ̀ òkúta ni kó máa wò. Òkúta eléérú tí ojú rẹ̀ rí ṣákaṣàka ṣeé tẹ̀; èyí tó dúdú, tó sì ń dán, tí ohun aláwọ̀ ewé bò, kò ṣeé tẹ̀, bó ti wù kó fẹ̀ tó. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó ní ojú ni kó wọ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń wọ sílípáàsì lọ, àwọn náà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣubú. Ọ̀pá wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, pàápàá nígbà ìsọ̀kalẹ̀, torí sísọ̀ ló ń mú orúnkún gbọ̀n ju gígun lọ.

Ìpele méje ni Ọlúmirìn ní. Ìtàn tí àwọn ará Ẹ̀rìn ń sọ ni pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló rí omi náà ní ọdún 1140 nígbà tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Wọ́n ti fi kọnkéré ṣe àtẹ̀gùn sí apá ìsàlẹ̀, ọmọdé àti àgbàlagbà sì lè dé ìpele àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀ lọ, àpáta àti gbòǹgbò ni ènìyàn á máa dì mú. Lẹ́yìn òjò ńlá, ìpele àkọ́kọ́ tó fún ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà. Omi ibẹ̀ gan-an ló tóbi jù lójú. Àwọn afinimọ̀nà wà níbẹ̀, tí wọ́n bá sì ní kí ènìyàn má lọ sókè lọ́jọ́ kan, kí ó gbọ́.

Agbára omi tó ń sáré ń tan ènìyàn jẹ. Tí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ẹsẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Omi tó jìn ní ínǹṣì 6 péré lè gbé àgbàlagbà ṣubú tó bá ń sáré dáadáa. Odò tó fẹ́ kún máa ń fi àmì hàn: omi tó mọ́ á di pípọ́n, ewé àti igi wẹ́wẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá, òkúta tó yọrí tẹ́lẹ̀ á rì, ìró rẹ̀ á sì wúwo sí i. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú wọn, kí ó bọ́ sí ilẹ̀ gíga lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó má ṣe gba ojú odò sá lọ sísàlẹ̀. Ẹni tí omi bá sé mọ́ òdìkejì, kí ó jókòó síbẹ̀ dúró dè é. Odò òkè tó tètè kún máa ń tètè fà. Sùúrù wákàtí díẹ̀ sàn ju kéèyàn fẹsẹ̀ wọ́ ọ kọjá.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fò sínú ibú abẹ́ òṣòòrò lẹ́yìn òjò. Ìkún máa ń gbé igi àti òkúta wá síbẹ̀, ibi tó jìn lóṣù tó kọjá sì lè ti kún fún yanrìn. Omi náà kò ṣeé mu, torí òjò ti fọ ìdọ̀tí oko àti igbó sínú rẹ̀. Níbi tó bá sì ti dúró jẹ́jẹ́, àwọn ìgbín omi kékeré lè wà tí àtọ̀sí ajá ń gba ara wọn wọ ènìyàn. Tí àrá bá bẹ̀rẹ̀, kéèyàn kúrò lórí àpáta gbalasa. Kí ó sọ fún ará ilé wákàtí tí òun máa padà, torí nẹ́tíwọ̀kì fóònù kì í dé inú àfonífojì dáadáa, kí ó sì ti kúrò létí omi kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni òjò sábà máa ń ṣú, ilẹ̀ sì máa ń tètè ṣókùnkùn lábẹ́ igi.

Ẹni tó fẹ́ gbọ́ híhó Arinta dáadáa, kí ó lọ ní oṣù Keje, lọ́jọ́ kejì òjò, ní àárọ̀. Ẹni tó fẹ́ gun Ọlúmirìn dé ìpele keje, kí ó dúró di oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn tí òjò àrọ̀kúrò bá ti dáwọ́ dúró: omi ṣì máa ń wà nígbà náà, àpáta á sì ti gbẹ.