Wọ́n Fi Atẹ́gùn Ṣe Gáàsì Lójú Agbami, Ṣùgbọ́n Owó Rẹ̀ Kò Kéré

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí mọ̀ pé òkun kì í sùn. Ìdí nìyí tí ohun tí ilé iṣẹ́ Lhyfe ti ilẹ̀ Faransé dán wò ní ọdún 2023 fi yẹ ní gbígbọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ni wọ́n fa pèpéle kan tó ń léfòó, Sealhyfe lorúkọ rẹ̀, lọ sójú agbami, nǹkan bíi kìlómítà 20 sí ìlú Le Croisic. Nígbà tó di ọjọ́ 20, oṣù Kẹfà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gáàsì háídírójìn níbẹ̀.

Wọ́n ń fa omi òkun sókè, wọ́n ń yọ iyọ̀ inú rẹ̀, wọ́n wá ń fi iná láti ara ẹ̀rọ abẹ̀bẹ̀ ńlá tí atẹ́gùn ń yí ya omi náà sí méjì: háídírójìn lọ́tọ̀, ọ́síjìn tí gbogbo wa ń mí sínú lọ́tọ̀. Kò sí èéfín rárá. Ẹ̀rọ náà, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1, lè ṣe tó kìlógíráàmù 400 lóòjọ́. Ìgbì ń mì ín sọ́tùn-ún sósì, iyọ̀ ń jẹ irin, kò sì sí mẹkáníìkì nítòsí. Láti orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń darí rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò kàn fi wáyà gbé iná náà wá sílé? Atẹ́gùn kì í fẹ́ nígbà gbogbo, ó sì lè fẹ́ gan-an lóru tí kò sẹ́ni tó nílò iná. Bátìrì dára fún wákàtí díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ti oṣù yìí di oṣù tó ń bọ̀ nílò ohun tó ṣeé rọ sí táńkì, bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sínú àká.

Àmọ́ eku wà nínú àká yìí. Iná tó tó yúnítì 50 sí 55 ni ṣíṣe kìlógíráàmù kan ń gbà, nǹkan bíi 33 péré ló sì ṣeé lò nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tún sọ ọ́ di iná padà, nǹkan bí ìdajì èyí náà lè ṣòfò. Kò bọ́gbọ́n mu kéèyàn máa fi tan gílóòbù.

Ibi tó ti kan àgbẹ̀ ni ajílẹ̀. Háídírójìn ni wọ́n fi ń ṣe amóníà, amóníà ni wọ́n sì fi ń ṣe yúríà. Gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Lẹ́kí, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2022, ń lò. Ọdún 2022 yẹn náà ni ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine mú kí owó gáàsì àti ti ajílẹ̀ jọ gbéra lágbàáyé. Atẹ́gùn ò mọ ogun. Ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀, háídírójìn tí wọ́n ń fi gáàsì ṣe ṣì dínwó ju ti atẹ́gùn lọ, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe lójú òkun.