Dìndìnrìn kì í ṣe Wèrè

Kò sí àgbà kan ní Ìṣẹrì Olówóra tí kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wèrè àti dìndìnrìn. Orí wèrè ti pé rí kí ó tó dàrú, nítorí náà ni a ṣe ń wá oníṣègùn fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí òye rẹ̀ kéré láti inú ìyá rẹ̀ wá, bí a ti bí i nìyẹn. Ó yà wá lẹ́nu, nígbà náà, pé òfin tí àwọn Òyìnbó fi ṣe àkóso wa kò mọ ìyàtọ̀ yìí.

Òfin Wèrè ti ọdún 1916, èyí tí ó tún wà nínú àkójọ òfin ọdún 1958, là á sílẹ̀ pé bí òun bá dárúkọ wèrè, dìndìnrìn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Májísíréètì a wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀, dókítà a kọ ìwé, a ó sì fi ẹni náà ránṣẹ́ sí ilé wèrè, irú èyí tí ó ti wà ní Yaba láti 1907.

Kì í ṣe pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ìyàtọ̀ náà nílé wọn. Láyé àtijọ́, ọba wọn a máa jẹ èrè orí ilẹ̀ ẹni tí a bí ní dìndìnrìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ńṣe ni ó ń pa á mọ́ dè é, bóyá ara rẹ̀ yóò yá. Ní 1534, adájọ́ kan, Anthony Fitzherbert, kọ ọ́ pé ẹni tí kò lè ka ogún pẹ́nì, tí kò mọ bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tí kò sì mọ iye ọdún ara rẹ̀, dìndìnrìn ni. (Bí a bá gbé òṣùwọ̀n yìí dé ọjà Máìlì 12, àgbàlagbà mélòó ni yóò mọ ọdún tí a bí i?) Ní 1913, wọ́n pín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sí ìsọ̀rí mẹ́rin nínú òfin ilẹ̀ wọn. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣe tiwa, wọ́n sì da gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan!

Ẹ̀yin olùkọ́ kò ní ṣàì rántí pé abẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìṣẹrì wà títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Nígbà tí ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kínní 1955, òfin yìí ṣì wà. Olùkọ́ lè pe orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì ní òwúrọ̀. Nínú ìwé òfin, ẹgbẹ́ wèrè ni.

A kò ní fi ìyìn du àwọn adájọ́. Ní 1949, nínú ẹjọ́ Omoni, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ pé àìpé òye àbínibí tí òfin ọ̀ràn dárúkọ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú àrùn ọpọlọ. Àwọn aṣòfin ni wọ́n fi falẹ̀. Oṣù Kínní 2019 ni a fọwọ́ sí òfin àwọn aláàbọ̀ ara, tí ó dárúkọ àbùkù òye lọ́tọ̀. Oṣù Kínní 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí èyí tí ó pa Òfin Wèrè rẹ́. Ọdún 107 gbáko!

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àsíá ẹgbẹ́ kiri, ẹ bá wa bi àwọn kánsẹ́lọ̀ Ìkòsì-Ìṣẹrì: ọmọ tí òfin ti yọ kúrò nínú ẹgbẹ́ wèrè yìí, kíláàsì wo ni ó wà fún un, olùkọ́ wo ni a sì ti kọ́ láti máa kọ́ ọ? Kí wọ́n dá wa lóhùn kí wọ́n tó wá tọrọ ìbò.