Ààlà Ẹkùn Ìdìbò ní Ìkẹjà àti Agége: Ta Ló Ń Fà Á?

Bí ará Òjòdú bá ń wá aṣòfin tó ń ṣojú Òjòdú nílé aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláùsá, kò ní rí i. Káńsù wà níbẹ̀, alága wà, kánsẹ́lọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹkùn ìdìbò tó ń jẹ́ Òjòdú. Inú Ìkẹjà Kìíní tàbí Ìkẹjà Kejì ni ilé rẹ̀ wà. Bó bá sì di ti Abuja, aṣojú-ṣòfin kan ṣoṣo ni gbogbo Ìkẹjà ní. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ará Orílé-Agége.

Ọdún 2003 ni ìjọba Bọ́lá Tinúbú, tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà, dá káńsù 37 sílẹ̀ kún 20 tí Èkó ní tẹ́lẹ̀. Wọ́n yọ Orílé-Agége lára Agége, wọ́n yọ Òjòdú àti Onígbòngbò lára Ìkẹjà, wọ́n sì yọ Òjòkòrò lára Ìfakò-Ìjàyè. Ìjọba àpapọ̀ bínú, ó di owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mú. Nígbà tí ẹjọ́ dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, àwọn adájọ́ sọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2004 pé Ààrẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó náà mú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dídá káńsù kò tíì parí àyàfi tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá fi ọwọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi dìbò yan alága káńsù 57 ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, tí orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ Èkó inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè sì jẹ́ 20.

Ìtàn Ìfakò-Ìjàyè yàtọ̀. Ìjọba ológun ló gé e kúrò lára Agége ní 1996, ọdún yẹn náà ni a sì pín ẹkùn ìdìbò jákèjádò Nàìjíríà kẹ́yìn. Ó ní ìjókòó kan ní Abuja, ó ní méjì ní Aláùsá.

Àjọ elétò ìdìbò, INEC, nìkan ni òfin gbà láàyè láti fa ààlà ẹkùn. Gómìnà kò lè fà á, káńsù kò lè fà á. Ẹkùn àpapọ̀ 360 ló wà, kò sì gbọdọ̀ sí èyí tó kọjá ààlà ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Iye ènìyàn inú wọn gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí INEC bá tún ààlà ẹkùn àpapọ̀ fà, ilé aṣòfin méjèèjì ní Abuja gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, sáà àwọn tó wà nípò sì gbọ́dọ̀ parí kó tó di ìlò.

Àmọ́, ṣé ó dọ́gba? Nínú ìkànìyàn 2006, Àlímọ̀ṣọ́ ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ, aṣojú kan ló ní ní Abuja. Erékùṣù Èkó kò ju nǹkan bí 210,000 lọ, méjì ló ní. Agége tó ní nǹkan bí 460,000, ẹyọ kan. Ìrẹ́jẹ gidi lèyí, kò sì yẹ kó pẹ́ tó báyìí. Ní Aláùsá, ìṣòro mìíràn tún wà: òfin kò gbà kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan ju 40 lọ, Èkó sì ti pé 40, méjì méjì fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí Agége tó ní ẹ̀kẹta, ibòmíràn gbọ́dọ̀ pàdánù tirẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ní láti fetí sí èyí dáadáa. Ẹkùn kò ka ẹ̀rọ, kò ka ògiri iléeṣẹ́. Ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ ló ń kà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà, tó ń wọ mọ́tò lọ sùn ní Sàngó lálaalẹ́, ará Ògùn ni nínú ìkànìyàn.

Ní 2021, INEC sọ ibùdó ìdìbò Èkó di 13,325 láti 8,462. Ìyẹn dín ìlà gígùn kù, kò yí ẹkùn ẹnikẹ́ni padà. Nọ́ńbà ibùdó ìdìbò ló ń júwe ibi tí olùdìbò wà: 24 tó ṣáájú ni Èkó, ìjọba ìbílẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́ọ̀dù tẹ̀ lé ìyẹn, ibùdó ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti kó láti Agége lọ sí Ìkẹjà lè ní kí INEC gbé orúkọ òun lọ síbẹ̀. Ọ́fíìsì INEC wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì sí owó tí ẹnikẹ́ni ní láti san.